Òwò ọṣẹ ìbílẹ̀: Owó wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ ìṣirò ẹ̀ á kàn fọ owó ẹ̀ dànù ni

Lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, láti Ìyànà-Ìbà dé Okokomáíkò, títí kan Ìjanikin àti Àgbárá, ó ṣòro kéèyàn rí ibùdókọ̀ ńlá tí kò ní sí ẹni tó ń sun bọ̀ọ̀lì tàbí tó ń dín ìpékeré. Bílẹ̀ bá ti ń ṣú, òkìtì èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló máa ń kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, wọ́n á gbá a sínú àpò, wọ́n á dà á nù. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ìdọ̀tí lásán ni. Lójú ẹni tó mọ iṣẹ́ ọṣẹ ìbílẹ̀, owó ni wọ́n ń kó dànù yẹn, nítorí ohun méjì péré ni ọṣẹ dúdú ò lè ṣe láì ní: epo àti eérú. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n sì sun dáadáa wà lára eérú tó dára jù fún iṣẹ́ náà.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fáwọn oníṣòwò kéékèèké àgbègbè Ọ̀jọ́ ni pé iṣẹ́ ọṣẹ kò nílò ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé tó ní atẹ́gùn, òṣùwọ̀n kan tó péye, ike mélòó kan àti sùúrù ti tó. Àwọn oníbàárà náà kò jìnnà. Ìjanikin ni Federal Government College wà. Ibẹ̀ náà, ní Ọ̀tọ̀, ni iléèwé àwọn olùkọ́ni tí wọ́n ń pè ní Adéníran Ògúnsànyà wà kó tó di yunifásítì LASUED lọ́dún 2022. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, wà l'Ọ̀jọ́ láti ọdún 1983. Ọjà Ìyànà-Ìbà àti ọjà Alábà ò jìnnà síra wọn. Bí ọjà bá sì ń fẹ́ àdín àgbọn, apá Àgbádárìgì ni wọ́n ti ń gbin àgbọn jù ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ òwò náà, ohun mẹ́ta ló yẹ kó mọ̀: bí ọṣẹ ṣe ń di ọṣẹ, ewu tó wà níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń ṣírò èrè. Ibi ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

ÒWÒ TÍ WỌ́N TI Ń ṢE KÍ ÌYÁ ÌYÁ WA TÓ DÁYÉ

Ọṣẹ dúdú kì í ṣe nǹkan àná. Ní orílẹ̀-èdè Ghana, "alata samina" ni wọ́n ń pe irú ọṣẹ yìí. Samina ni ọṣẹ lédè wọn, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tó wá láti apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Èyí fi hàn pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá ti gbé ọjà náà rìn jìnnà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń jẹ́ iléeṣẹ́ ńlá.

Nígbà táwọn òyìnbó dé, wọ́n mú ọṣẹ tiwọn wá. Ọdún 1923 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ táwọn èèyàn mọ̀ sí Lever Brothers sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òun ló di Unilever. Láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọṣẹ dúdú bí ọṣẹ ará oko. Àmọ́ ayé yí. Lọ́dún 2023, tó pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé tí wọ́n dé, Unilever Nigeria kéde pé àwọn ń fi iṣẹ́ Omo, Sunlight àti Lux sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ohun tó yẹ kó ya oníṣòwò lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ọdún mẹ́fà ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 2017, Unilever kan náà ló ra iléeṣẹ́ Sundial Brands nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe SheaMoisture, tí ọṣẹ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà wà lára ọjà wọn. Ọmọ ilẹ̀ Liberia kan, Richelieu Dennis, ló dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1991 pẹ̀lú ìyá ẹ̀ àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ẹ̀, Sofi Tucker, tó ń ta òrí àti ọṣẹ lọ́jà ní Bonthe, orílẹ̀-èdè Sierra Leone, lọ́dún 1912, ni iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Ohun tí ìyá àgbà ń gbé sórí àtẹ lọ́jà abúlé ló di ohun tí iléeṣẹ́ ńlá wá fowó rà.

Nílé níbí náà, kò sẹ́ni tí kò mọ Dudu-Osun. Iléeṣẹ́ Tropical Naturals ní Nàìjíríà ló ń ṣe é. Kò sí àwámárìídìí kankan nínú ohun tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀: òrí, osùn, oyin, àdín, eérú èèpo kòkó, eérú ìdì ẹyìn, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti aloe vera táwọn Yorùbá ń pè ní ahọ́n erin. Gbogbo ẹ̀ ni ìyá àgbà ń lò. Ohun tí wọ́n fi kún un ni ìwọ̀n tí kì í yí padà, páálí tó dúró, orúkọ tó rọrùn láti rántí àti nọ́ńbà NAFDAC.

BÍ ỌṢẸ ṢE Ń DI ỌṢẸ

Ọ̀nà àtijọ́ kò ṣòro láti ṣàlàyé, àmọ́ ó gba agbára. Wọ́n á kó èèpo kòkó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ìdì ẹyìn tí wọ́n ti já èso kúrò lára ẹ̀, wọ́n á sá a títí yóò fi gbẹ kanrin, wọ́n á sì sun ún di eérú. Wọ́n á da eérú sínú ìkòkò tàbí agbọ̀n oníhò, wọ́n á máa bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Omi tó bá ń kán jáde lábẹ́ ẹ̀, tó pọ́n, tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, ni agbára ọṣẹ. Wọ́n á sè é títí yóò fi ki, wọ́n á da àdín tàbí epo pupa sí i, wọ́n á sì máa rò ó lórí iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí yóò fi dì.

Potassium ló pọ̀ jù nínú omi eérú yìí. Òun ló ń jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀, kó máa tètè yọ́, kó sì máa fa omi mọ́ra. Ìdí nìyí tí kì í fi í le gbagidi bí ọṣẹ tí wọ́n ń tà ní páálí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọṣẹ tirẹ̀ le, kó ṣeé gé, kó ṣeé tẹ orúkọ sí lára, kọ́sítíìkì sódà ló máa lò, èyí tó jẹ́ ti sodium.

Ibi tí wàhálà wà ni pé agbára omi eérú kì í dọ́gba. Eérú tòní lè le ju tàná lọ. Àwọn ìyá àgbà mọ̀ ọ́n lójú àti lọ́wọ́, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló rọrùn fún un. Àkọ́kọ́ ni kó máa ra ọṣẹ dúdú tó ti jinná ní kílò-kílò lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó wá máa po osùn, oyin, òrí àti ewé tó ti gbẹ mọ́ ọn. Ìkejì ni kó lo kọ́sítíìkì sódà pẹ̀lú òṣùwọ̀n.

Ìṣirò ọ̀nà kejì yìí kò ní àbùjá. Kílò kan àdín máa ń gba nǹkan bíi 176 gíráàmù kọ́sítíìkì sódà kó tó di ọṣẹ tán. Kílò kan epo pupa ń gba 142. Àdín àgbọn ń gba 183, òrí sì ń gba 128. Ẹni tó bá fẹ́ fi kílò mẹ́ta àdín àti kílò méjì epo pupa ṣe ọṣẹ yóò ní 528 àti 284, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 812 gíráàmù. Àmọ́ kì í lo gbogbo ẹ̀. Yóò yọ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ tí kò fi ní máa jẹ ara. Ó ku bíi 770 gíráàmù. Omi tó máa fi po ó yóò jẹ́ ìlọ́po méjì ìwọ̀n kọ́sítíìkì náà, ìyẹn líta kan àbọ̀.

Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n, kì í ṣe kóńgò, kì í ṣe ife mílíìkì. Kóńgò epo àti kóńgò kọ́sítíìkì kò wúwo dọ́gba. Bí kọ́sítíìkì bá pọ̀ jù, ọṣẹ á máa bó àwọ̀ oníbàárà. Bí ó bá kéré jù, ọṣẹ á rọ̀, epo inú ẹ̀ á sì yára kan.

Tí wọ́n bá ti da omi kọ́sítíìkì tó ti tutù díẹ̀ sínú epo, wọ́n á máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Ìgbà yẹn ni wọ́n á da ewé tó ti gbẹ, tí wọ́n lọ̀ kúnná, sí i: dóńgóyárò, efinrin, asunwọ̀n òyìnbó tàbí osùn. Ewé tútù tàbí omi ewé tó pọ̀ kò dára, nítorí ó lè bu, kí ọṣẹ sì máa rùn. Wọ́n á dà á sínú àpótí tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sí, wọ́n á gé e lọ́jọ́ kejì, wọ́n á sì tò ó sórí pákó níbi tí atẹ́gùn wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí ni ọ̀pọ̀ kì í lè dúró dè, nítorí owó ń pe wọ́n. Ọṣẹ tó bá lọ sọ́jà kó tó gbó máa ń sún kì, á máa yọ́ bíi búrẹ́dì inú omi, oníbàárà kò sì ní padà wá mọ́.

EWU TÓ WÀ NÍNÚ ILÉ

Bí ọṣẹ ṣíṣe nílé ṣe ń mówó wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló ti da omijé sílé àwọn kan. Ó ti pẹ́ táwọn dókítà iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà ti ń tọ́jú àwọn ọmọdé tí ọ̀nà ọ̀fun wọn bó tàbí tó dí nítorí pé wọ́n gbé omi kọ́sítíìkì mu. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ kò ju pé wọ́n po kọ́sítíìkì sínú ife tàbí wọ́n rọ èyí tó ṣẹ́ kù sínú ìgò omi, wọ́n sì gbé e sílẹ̀. Kò ní àwọ̀, ó jọ omi. Ọmọ tí òǹgbẹ ń gbẹ dé láti iléèwé, ó gbé e. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má lè gbé oúnjẹ mì mọ́ títí wọ́n á fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ìyẹn bí ẹ̀mí ẹ̀ kò bá lọ sí i.

Kò sí èrè kankan tó tó irú àdánù yẹn. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí ni pé kọ́sítíìkì kò gbọdọ̀ wọ inú ohunkóhun tí wọ́n fi ń mu omi tàbí jẹun. Ike ẹ̀ gbọdọ̀ dá yàtọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ sí i lára, kó sì wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ọṣẹ, ọmọdé kò gbọdọ̀ sí nítòsí. Bí wọ́n bá po kọ́sítíìkì, kí wọ́n lò ó tán lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó ń ṣe é gbọdọ̀ wọ ìbọ̀wọ́, kó sì lo awò tó bo ojú. Kọ́sítíìkì ni wọ́n ń da sínú omi, wọn kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí, nítorí ó lè hó kó ta síni lójú. Ìkòkò alumíníọ́mù kò dára fún un, kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́, á sì máa tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde. Ike tó nípọn tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí wọ́n lò. Bó bá ta síni lára, omi púpọ̀ tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi ṣan án fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, kí wọ́n má ṣe fún un ní epo pupa, kí wọ́n má ṣe mú kó bì, nítorí bó bá tún padà gba ọ̀nà ọ̀fun, yóò bó o lẹ́ẹ̀kejì. Ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

ÌṢIRÒ TÓ Ń TÚ ÀṢÍRÍ

Ẹni tó bá ṣe ọṣẹ kílò márùn-ún epo tí wọ́n ṣírò lókè yẹn yóò rí nǹkan bíi 65 ẹyọ tó jẹ́ 100 gíráàmù lẹ́yìn tó bá ti gbẹ. Ká ní, bí àpẹẹrẹ, epo, kọ́sítíìkì àti ewé ná an ní 26,000 náírà, páálí àti ọ̀rá sì gba 6,500. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n máa ń dúró nìyẹn. Wọ́n á pín 32,500 sí ọ̀nà 65, wọ́n á rí 500 náírà lórí ẹyọ kan. Wọ́n á wá máa tà á ní 700, ọkàn wọn á balẹ̀ pé àwọn ń jèrè 200 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ ra epo ńkọ́? Iná, omi, ìbọ̀wọ́ àti ọkọ̀ tó gbé ọjà lọ sí Ìyànà-Ìbà ńkọ́? Ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ 5,500. Agbára ẹni tó ṣe é ńkọ́, ìyẹn iṣẹ́ ọjọ́ méjì? Ká ní 8,000. Gbogbo owó tó jáde ti di 46,000. Ẹyọ mẹ́ta sì ti lọ, ó fọ́ tàbí wọ́n fún oníbàárà pé kó fi tọ́ wò, ó ku 62. Bí wọ́n bá pín 46,000 sí ọ̀nà 62, ẹyọ kan ti ná wọn ní 742 náírà. Wọ́n ń tà á ní 700! Tí wọ́n bá tà á tán, 43,400 ni wọ́n máa rí, wọ́n sì ti pàdánù 2,600 láìmọ̀. Bí wọ́n ṣe ń tà á tó ni wọ́n á máa jìn sí kòtò tó, wọ́n á sì máa sọ pé ọjà kò ní ìbùkún.

Oníṣòwò tó gbọ́n á ní ìwé kan tó ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, títí kan owó ọ̀kadà. Nítorí pé owó epo kì í dúró lójú kan, yóò tún ìṣirò náà ṣe nígbàkígbà tó bá ra epo tuntun. Bí oníbàárà bá ní ọjà ti wọ́n jù, ó lè dín ìwọ̀n kù sí 80 gíráàmù, kó sì kọ ọ́ sára páálí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹ̀tàn ni kó kọ 100 sí ohun tó jẹ́ 80.

NAFDAC KÌ Í ṢE Ọ̀TÁ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọṣẹ nílé ló máa ń sá fún NAFDAC, bẹ́ẹ̀ ọdún 1993 ni ìjọba ti gbé àjọ náà kalẹ̀, ọṣẹ ìwẹ̀ sì wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ wọn kó tó dé ọjà. Láìsí nọ́ńbà wọn, ilé ìtajà ńlá kò ní gba ọjà náà, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e nígbàkígbà. Àjọ náà ní ẹ̀ka tó wà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ọ́fíìsì wọn sì wà ní Ìsọlọ̀, l'Ékòó. Ohun àkọ́kọ́ ni kí oníṣòwò forúkọ òwò ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá wo ibi tó ti ń ṣe é, wọ́n á sì yẹ ọṣẹ náà wò. Bí yàrá tó ti ń ṣe ọṣẹ bá tún jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀, kó yáa wá ibòmíì ná.

Lára páálí, orúkọ ọjà, àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ohun tó wà nínú ẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe pọ̀ gbọdọ̀ hàn. Ohun tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ ni ìlérí pé ó ń wo àìsàn. Àwọn àgbà mọ iṣẹ́ tí asunwọ̀n òyìnbó ń ṣe fún làpálàpá, àmọ́ ẹni tó bá kọ ọ́ sára ọṣẹ pé ó ń wo làpálàpá ti sọ ọṣẹ ẹ̀ di oògùn nìyẹn, òfin oògùn ni wọ́n á sì fi bá a wí.

Ìdánwò tó tún tóbi jù ni ti ọṣẹ tó ń bó àwọ̀. Àwọn oníbàárà kan á máa béèrè ọṣẹ dúdú tó máa sọ wọ́n di òyìnbó, wọ́n á sì láwọn á san ìlọ́po méjì. Àwọn kan ti ń po mákúrì àti hydroquinone mọ́ ọṣẹ nítorí owó yìí. Mákúrì máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí lọ́dún 2013, tí Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, ti fòfin de irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023, ọ̀gá àgbà NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, pe ọ̀rọ̀ ìpara tó ń bó àwọ̀ ní wàhálà pàjáwìrì fún ìlera ará ìlú. Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ l'Ìjanikin kò lè sọ pé òun kò gbọ́. Owó ọṣẹ abóra lè yá lónìí, àmọ́ ojú oníbàárà náà ni yóò jẹ́rìí tako ẹni tó tà á fún un lọ́la.

IBI TÍ WỌ́N TI LÈ KỌ́ Ọ

Àjọ ìwádìí FIIRO tó wà ní Òṣòdì láti ọdún 1956 máa ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ọwọ́ bí ọṣẹ ṣíṣe. SMEDAN, tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 2003, wà fún ìmọ̀ràn fáwọn oníṣòwò kéékèèké. Kéèyàn lọ kọ́ ọ fún ọjọ́ mélòó kan sàn ju kó fi epo tó fowó rà ṣe ìdánwò lọ.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ti pẹ́ nídìí òwò ni pé kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mú oríṣi ọṣẹ kan tàbí méjì, kó ṣe é débi tí kò ní í yàtọ̀ láti oṣù kan sí èkejì, kó tó máa kó oríṣi mẹ́wàá jọ. Bó bá ti dá a lójú, kó wá polówó ẹ̀, nítorí ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ẹgbẹ́ aláàjọ, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ìbà àti Okokomáíkò, gbogbo ẹ̀ ni ọjà.

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń dà nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò ní parí lọ́la. Bí ẹnì kan bá ń kó o lọ sílé láti máa sá a, kó má ṣe kánjú. Ọṣẹ tí kò tíì gbó kì í hó dáadáa, òwò tí wọn kò ṣírò náà kì í gbé ẹni délé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.